Bàtà Ẹni Tó Ń Rìn àti Bàtà Ẹni Tó Jókòó

Saint-Amable, Maine
Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù kọkànlá

Renaud ọmọ mi,

Mo kí ọ bí mo ṣe máa ń kí ọ nígbà tí o wà ní kékeré tí o kì í fẹ́ jí lọ síléèwé: ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní Boston ń jẹ́ kí o mí? Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́run tó fi odò sí àárín àwa àti Kánádà má ṣe fi odò kankan sí àárín ìwọ àti àlàáfíà. Bí o bá ń bèèrè wa níbí, kò sí ewu lóko, àfi gìrìgìrì àparò, àparò náà kò tilẹ̀ pọ̀ lọ́dún yìí. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe àìsàn o, má tún pe dókítà sórí mi bí o ṣe ṣe lọ́jọ́sí. Ó rẹ̀ mí bó ṣe máa ń rẹ ẹni tó ti fi ọdún méjìdínláàádọ́ta kó pòtétò, tó wá jókòó lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní òun kò dìde mọ́.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Rosaire, aládùúgbò wa, wa tírákítọ̀ rẹ̀ já sí kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé tírákítọ̀ ló já, òun kọ́. Fadá tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún, nítorí náà ìwàásù rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú méje lọ, ó sì máa ń wo aago bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé òdòdó lọ sí ibojì ìyá rẹ kí yìnyín tó bò ó, mo sì bá ọ kí i, torí mo mọ̀ pé o máa kí i bí o bá rántí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí ló jẹ́ kí n mú kálàmù. Ọ̀rọ̀ bàtà ni.

O mọ̀ pé búùtù mi àtijọ́ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú irà ẹ̀yìn ilẹ̀ wa, mo fi ọ̀rá búrẹ́dì wé ẹsẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, omi wọlé, mo ní ọkùnrin ni mí, mo sì rìn títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú ààrò, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi méjì ti funfun bí àbẹ́là. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n dúdú. N kò sọ fún ọ nígbà náà torí o ní ìdánwò níbi iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé o máa pariwo. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní kí n fún ìrora mi ní máàkì láti orí òdo dé orí mẹ́wàá. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé èèyàn mẹ́fà ṣì wà lórí ìlà, mo ní kó fún mi ní mẹ́ta kó lè kárí. Ó wò mí títí. Ó wá sọ fún mi pé àwọn ìka náà máa yè lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí omi àti òtútù bá tún jọ bá wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, gígé ni. Ó ní kí n ra bàtà tí omi kò lè wọ̀, tó ní tìmùtìmù nínú tó ń mú ẹsẹ̀ gbóná, àbí kí n jókòó sílé. Mo ní mo ti gbọ́. Bàtà ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ìjókòó sílé.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí n kò lè fi àgbọ̀nrín sílẹ̀ kí n ra ẹran nílé ìtajà bí àwọn ará Boston. Renaud, mo wo ẹran náà. Iye tí wọ́n ń ta èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ìyá rẹ á fi bọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Fìrísà wa ti ṣófo débi pé mo ń kó ìwé sí i kó má bàa máa dún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí oṣù kọkànlá bá dé tí n kò wọ igbó, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi oṣù náà ṣe.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú fóònù tí o rà fún mi. Wọ́n kó bàtà jọ síbẹ̀ bíi pòtétò lásìkò ìkórè. Lábẹ́ bàtà kọ̀ọ̀kan wọ́n to ìràwọ̀, àwọn èèyàn sì kọ lẹ́tà sábẹ́ ìràwọ̀ náà. Gbogbo lẹ́tà náà ni mo kà, torí kò dáa kí èèyàn jókòó kọ̀wé kí a má kà á. Ọkùnrin kan fún bàtà kan ní ìràwọ̀ márùn-ún, ó ní òun kò tíì wọ̀ ọ́. Obìnrin kan fún bàtà yẹn gan-an ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo torí pé páálí rẹ̀ ya. Ọkùnrin mìíràn tó ń jẹ́ Ọdẹ Gidi Méjìlélógójì ní ẹsẹ̀ òun tutù nínú rẹ̀, ọdún yẹn kò sì dáa fún òun rárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo kọ̀wé sí i pé kó máa sá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iná, kó sì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì fèsì. Bí o bá rí i ní Boston, bá mi kí i.

Mo yan ọ̀kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Fóònù bèèrè àdírẹ́sì, mo kọ ọ́. Ó tún bèèrè àdírẹ́sì kejì. Mo ronú sí i, torí ilé kan ṣoṣo ni mo ní. Mo wá rántí ilẹ̀ tí a rà ní itẹ́ òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, mo sì kọ ìyẹn, ìlà kẹrin, lápá ọ̀tún. Bóyá èyí ló kọ wọ́n lóminú, torí lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n pé èèyàn ni mí. Wọ́n gbé àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi pé kí n mú àwọn tó ní iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Renaud, ìwọ náà mọ̀ pé kò sí irú iná bẹ́ẹ̀ ní Saint-Amable. Mo wá ibi tí n óò kọ ọ́ sí pé èyí tó sún mọ́ wa jù wà ní ọ̀nà jíjìn, pé kí wọ́n má fi ìyẹn dán ojú mi wò, torí mo ṣì ń rí etí àgbọ̀nrín ní igba ìṣísẹ̀. N kò rí ibẹ̀. Mo tẹ gbogbo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa jọ pé mò ń ṣe ojúsàájú. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú láti jẹ́ èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n já mi kulẹ̀. Mo wé fóònù náà sínú ìnura kí ó sinmi, èmi náà sì sùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èmi àti Rosaire wa ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀ Claudette Pinette, obìnrin tó ń ta ohun èlò ọdẹ lẹ́bàá afárá. Àádọ́rùn-ún dọ́là ló wà lápò mi, mo sì ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ mi jẹ. Bàtà àkọ́kọ́ tí mo gbé, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé irinwó gíráàmù. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń sọdá odò lọ ra bọ́tà ní Kánádà láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, mo mọ gíráàmù. Bọ́tà ẹyọ kan jẹ́ irinwó gíráàmù ó lé díẹ̀. Báwo ni búùtù tó ga dé orúnkún ṣe máa fúyẹ́ ju bọ́tà lọ? Mo gbé e fún Rosaire, Rosaire gbé e wò, òun náà gbà pé irọ́ ni. Mo ti mú òṣùwọ̀n pòtétò bọ̀ nínú ọkọ̀. Mo gbé e wọlé, mo gbé bàtà náà lé e níwájú gbogbo àwọn oníbàárà, mo sì ní kí Claudette wá wo ohun tí wọ́n ń tà fún un.

Claudette kò bínú. Ó ní gíráàmù yẹn kì í ṣe ìwọ̀n bàtà, ìwọ̀n tìmùtìmù tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sọ. Èyí tó bá jẹ́ irinwó, tìmùtìmù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ó nípọn. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fún mi ní èyí tó nípọn jù ní owó èyí tó fẹ́lẹ́ jù. Ó ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ń rìn nínú èyí tó nípọn á làágùn, òógùn náà á sì di omi tútù sí i lẹ́sẹ̀. Ó wá wò mí lójú, ó bi mí pé, “Bàbá Renaud, bí ẹ bá ń dọdẹ, ṣé ẹ̀yin ń rìn ni, àbí ẹ máa ń jókòó?”

Rosaire dúró tì mí. Gbogbo oníbàárà yíjú sí mi. O mọ̀ bí Rosaire ṣe rí, tí mo bá ní mò ń jókòó pẹ́nrẹ́n, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé èmi Alcide ti di àga. Mo ní mò ń rìn. Mo tilẹ̀ fi kún un pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, gbogbo wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra bàtà irinwó gíráàmù ní dọ́là mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mo rà á ní nọ́ńbà méjì ju ẹsẹ̀ mi lọ kí àyè lè gba ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọ̀rá búrẹ́dì. Claudette ní wọn kì í wọ ọ̀rá búrẹ́dì sínú irú bàtà yìí. Mo ní ọmọdé ni, kò lè mọ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sí páálí rẹ̀ pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo pọn omi kún ẹsẹ̀ méjèèjì dé ọrùn, mo sì gbé wọn sórí tábìlì láti aago mẹ́rin títí mo fi jẹun tán. Omi tí kò lè jáde kò lè wọlé, ohun tí bàbá mi kọ́ mi nípa garawa nìyẹn. Ẹ̀kán omi kan kò jò. Inú mi dùn débi pé mo ti ọmọ ìka mi wọnú omi náà bí ẹni tó ń fi omi mímọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ìwé ìròyìn fa omi wọn gbẹ, wọ́n sì ń rùn bí ajá tó wẹ odò títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Renaud, bàtà náà dáa. Ìyẹn ló ń dùn mí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ọdẹ, mo wọ irà láti apá ojú ọ̀nà bí mo ṣe máa ń wọ̀ ọ́, mo rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn mi, omi dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbẹ, ó sì móoru. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹsẹ̀ mi ti gbẹ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo ń yin Claudette nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo gbọ́ tí àgbọ̀nrín dìde níwájú mi, ó já igi, ó sì gba ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà, sí òkè níbi kùkùté tí ìyá rẹ máa ń jókòó lé dè wọ́n. Mo dúró. Mo ń dúró de ìró ìbọn.

Mo dúró pẹ́ kí n tó rántí.

Nígbà tí mo gòkè débẹ̀ mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín. Akọ ńlá ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kùkùté náà kọjá, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i lọ, ó tilẹ̀ dúró níbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó pé ibo ni wọ́n lọ.

Mo wá pinnu pé èmi ló máa jókòó. Ní Sátidé kejì mo wọ aṣọ ọdẹ olómi ọsàn mi, mo fi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọ̀rá búrẹ́dì sínú bàtà, mo sì lọ jókòó sórí kùkùté ìyá rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wákàtí kan kò tíì pé tí n kò mọ̀ bóyá mo ní ẹsẹ̀. Bàtà gbẹ o, omi kò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òtútù ń ti ilẹ̀ wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Tí mo bá jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ariwo á lé ẹran. Tí n kò bá jan án, mo ń rántí nọ́ọ̀sì. Mo forí tì í títí di aago mẹ́sàn-án, mo sì rọra rìn sílé bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo wo àwọn ìka méjì yẹn. Wọ́n funfun, ṣùgbọ́n wọ́n padà pọ́n. Mo dúpẹ́, mo sì jókòó níbẹ̀, n kò lè dìde.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló gbé mi jókòó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Léona fi jókòó sórí kùkùté yẹn, èmi ń rìn. Bí mo bá ń rìn, ara mi ń móoru, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ara gbogbo èèyàn ṣe ń móoru. Bàtà kan náà ni mo máa ń rà fún àwa méjèèjì, torí bí a bá ra méjì wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù. Bàtà ẹni tó ń rìn ni. Ó máa ń sọ fún mi nírọ̀lẹ́ pé ẹsẹ̀ òun tutù díẹ̀. Díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sọ ọ́. Èmi á ní kó máa jan án mọ́lẹ̀, mà á sì na àwo mi sí i pé kó dín ploye, àkàrà pẹlẹbẹ wa, kan sí i fún mi. Òun ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àgbọ̀nrín wọ̀nyẹn o, Renaud, o mọ̀ ọ́n, bí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ Rosaire, mà á ní mo pa ọ̀kan. Ojú ń tì mí. N kò tíì sọ ọ́ fún fadá, torí ìṣẹ́jú méje rẹ̀ kò ní tó o.

Mo padà lọ bá Claudette, èmi nìkan. Mo sọ fún un pé mò ń jókòó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé èyí tó ní ẹgbẹ̀rún gíráàmù jáde, ó nípọn, ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ga, ó sì ní kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun kan ṣoṣo sí i, kí àwọn ìka lè máa mì nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀rá búrẹ́dì àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń fún ẹsẹ̀ pa, pé ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá, òógùn kì í sì rọ́nà jáde. Láti kékeré ni mo ti ń kó ọ̀rá búrẹ́dì pamọ́! Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba ti àkọ́kọ́ padà. Ó gbé imú sí i, ó bi mí bóyá mo ṣubú sódò. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní òun kò lè tà á fún ẹlòmíràn mọ́. Dọ́là méjìdínláàádóje ni tuntun náà, ó sì bá mi fi pamọ́ sẹ́yìn káńtà títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyẹn. Lánàá òde yìí, Sátidé kẹta, n kò lọ síbì kankan. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mò ń gbọ́ ìbọn àwọn ẹlòmíràn. Bá mi wá dọ́là méjìdínláàádóje. Má fi fóònù rán an, torí kò tíì gbà pé èèyàn ni mí. Fi sínú àpòòwé.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ. Bí mo bá tilẹ̀ wọ bàtà ẹgbẹ̀rún gíráàmù, àgbọ̀nrín kì í fúnra rẹ̀ jáde kúrò nínú irà wá kí àgbàlagbà tó jókòó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rìn bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, ìwọ kò wọ igbó mọ́, n kò sì bi ọ́, torí mo mọ ẹni tí o máa ń bá jáde sí lókè. Sátidé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ní ìparí oṣù yìí, ni ọdẹ máa parí. Mo mú bàtà tí Claudette kọ̀, mo gbé e sórí bàtà òjò rẹ tó wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n dọ́gba géérégé. Bí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bá lè ṣe méjèèjì, fi ra epo sọ́kọ̀ kí o máa bọ̀. Mà á wọ èyí tó là, mà á sì jókòó nínú ọkọ̀ bí òtútù bá pọ̀ jù.

Kí Ọlọ́run pa ẹsẹ̀ rẹ mọ́ níbi gbogbo tí o bá gbé e sí. Kí o má ṣe wọ bàtà tí kò bá iṣẹ́ rẹ mu. Kí obìnrin tí o bá fẹ́ má jókòó sínú òtútù dè ọ́ láìjẹ́ pé o mọ̀. Bí ó bá sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ òun tutù díẹ̀, kí o kúnlẹ̀, kí o tú okùn bàtà rẹ̀, kí o sì wò ó. Èmi kò wò ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alcide Morneault